Alcaraz àti Sinner: Ìfigagbága Tí Ó Ń Dàgbà Lójú Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ó ṣeé ṣe kí orúkọ méjì kan ti máa dún lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yín láti bí ọdún mélòó kan: Carlos Alcaraz àti Jannik Sinner. A mọ ilé tí àríyànjiyàn lórí àwọn méjèèjì ti gbóná ju ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Bàbá á ní kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n sí ìròyìn, ọmọ á ní kí bàbá jọ̀ọ́ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀tì yìí parí, bàbá á sì béèrè pé kí ni ó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀tì. Nítorí irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀, àti nítorí àwọn ìyá tí kì í béèrè ṣùgbọ́n tí wọ́n ń yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó wà láàárín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yìí, àti ìdí tí àwa tí a fẹ́ràn tẹ́níìsì fi gbà pé irú rẹ̀ kì í wọ́pọ̀.

Kí á má fi ohunkóhun pamọ́: ti Sinner ni àwa ń ṣe. Ẹni tí ó bá rí i pé a yin Alcaraz púpọ̀ nínú ohun tí ó ń bọ̀ yìí, kí ó mọ̀ pé ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ni ìyìn náà ti jáde.

Eré náà fúnra rẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Àwọn méjì dojú kọ ara wọn, àwọ̀n kan là wọ́n láàárín. Ọ̀kan yóò ju bọ́ọ̀lù sókè, yóò sì fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá a sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Èyí ni wọ́n ń pè ní sáàfù. Ẹni tí kò bá lè dá bọ́ọ̀lù padà sínú ilà ti pàdánù àmì kan. Wọ́n ń ka àmì náà ní 15, 30 àti 40, kí ó tó di géèmù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá léèrè ìdí tí kì í fi í ṣe 45. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ géèmù mẹ́fà, tí ó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ, ni ó jẹ sẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá di 6–6, wọn a ta géèmù àkànṣe kan tí ń jẹ́ táìbírẹ́ẹ̀kì. Ní àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin ti àwọn ọkùnrin, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún ni ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ. Ìdíje mẹ́rin náà ni ti Ọsirélíà, tí ó máa ń wáyé ní oṣù Kìíní. Ti Faransé, tí wọ́n ń pè ní Roland Garros, ní Parísì. Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù. Àti ti Amẹ́ríkà ní New York. Ilẹ̀ wọn kò rí bákan náà. Bíríkì tí a lọ̀ kúnná ni ti Parísì, ó pupa bí ilẹ̀ ìlú wa, bọ́ọ̀lù a sì máa falẹ̀ lórí rẹ̀. Koríko ni ti Wimbledon, bọ́ọ̀lù a máa yára, kì í sì í ta sókè púpọ̀. Ilẹ̀ líle ni ti méjì yòókù.

Ohun kan wà nínú òfin eré yìí tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó bá ń léwájú lè máa gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, kí agbábọ́ọ̀lù kan dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ó farapa, títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Nínú tẹ́níìsì kò sí fèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àmì tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹnì kejì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá sì tí ì gbà á, ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹ rántí èyí nígbà tí a bá dé Parísì.

Eré náà kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí irun wọn ti ń funfun yóò rántí ọdún 1983, nígbà tí ọmọ Nàìjíríà, Nduka Odizor, gbá Guillermo Vilas, ọmọ Ajẹntínà tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, jáde ní Wimbledon, tí òun fúnra rẹ̀ sì bá wọn dé ìpele àwọn mẹ́rìndínlógún tí ó kẹ́yìn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ibi tí àwọn méjì tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí sì ti wá jìnnà sí ara wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni a bí Jannik Sinner ní àríwá Ítálì, ní ẹkùn kan lẹ́bàá ààlà Austria tí ó jẹ́ pé èdè Jámánì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń sọ nínú ilé. Sesto ni orúkọ abúlé tí ó dàgbà sí, láàárín àwọn òkè gíga tí yìnyín máa ń bò. Bàbá rẹ̀ ń se oúnjẹ, ìyá rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ fún àlejò, ní ilé ìgbàlejò kan tí àwọn tí ń fi igi pẹlẹbẹ yọ̀ lórí yìnyín máa ń dé sí. Eré orí yìnyín yìí ni ọmọ náà kọ́kọ́ mọ̀, ó sì ti gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì kí ó tó yà sí tẹ́níìsì. Ìdí tí ó fi yà, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀, dùn mọ́ wa: lórí yìnyín, àṣìṣe kan ṣoṣo ti tó láti ba gbogbo eré jẹ́, nínú tẹ́níìsì, ènìyàn lè ṣi bọ́ọ̀lù púpọ̀ gbá kí ó sì tún borí. Ọmọ ọdún 13 ni ó wà nígbà tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Bordighera, ìlú kan ní etí òkun, láti lọ máa kọ́ eré náà. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gbé àpótí irin àti bẹ́ẹ̀dì ọmọ yín wọ ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí, tí ẹ kò sì fẹ́ bojú wẹ̀yìn nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ mọ bí ọmọ ọdún 13 ti kéré tó.

Carlos Alcaraz ní tirẹ̀ kò rìn jìnnà kí ó tó rí ràkẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2003 ni a bí i ní El Palmar, lẹ́bàá ìlú Murcia ní ìhà gúúsù Sípéènì, níbi tí oòrùn ti máa ń mú. Bàbá rẹ̀ gbá tẹ́níìsì dáadáa ní ìgbà èwe, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́ kí ó lè bá eré náà lọ jìnnà, ó sì di ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí owó kò jẹ́ kí bàbá ṣe, ọmọ ṣe é. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, Juan Carlos Ferrero gbà á sí ọ̀dọ̀ láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ferrero yìí ni ó gba ife Roland Garros ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, nígbà tí Alcaraz ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó oṣù kan.

Bí ẹ bá wo àwọn méjèèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé ìwà wọn lórí pápá yàtọ̀ bí ìlú wọn. Sinner a máa dúró sẹ́yìn, lórí ilà tàbí nítòsí rẹ̀, a sì máa gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó ga, ní títẹ́ àti ní líle, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì bákan náà, láìyí ojú padà. Ó dà bí ẹni tí ń gún iyán: kò sí ariwo, kò sí ijó, odó ni kò sinmi. Ẹni tí ó dojú kọ ọ́ kì í mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí kò dùn. Alcaraz ní tirẹ̀ kò lè gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta ní ọ̀nà kan náà. Yóò gbá ọ̀kan bí ìbọn, ẹnì kejì yóò sì sá sẹ́yìn láti pàdé èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí ó tó rí i pé Alcaraz ti kàn fọwọ́ tọ́ ọ lásán, ó ti ré kọjá àwọ̀n, ó sì ti kú sílẹ̀ níbẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbọ́wọ́ sí etí kí àwọn òǹwòran lè pariwo sí i, bí ẹnì kejì bá sì gbá bọ́ọ̀lù tí ó dára, a máa pàtẹ́wọ́ fún un. Kò rọrùn láti kórìíra rẹ̀. A ti gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n kí àwọn méjì mọ eré ṣe kò tíì sọ wọ́n di abánifigagbága ní ọ̀nà tí a ń lo ọ̀rọ̀ náà níhìn-ín. Tẹ́níìsì ti rí irú rẹ̀ rí. Bjorn Borg àti John McEnroe pàdé ní ìgbà 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì borí ní ìgbà 7. Roger Federer àti Rafael Nadal pàdé ní ìgbà 40. Nadal àti Novak Djokovic pàdé ní ìgbà 60, Djokovic borí ní 31, Nadal ní 29. Ife ńlá 66 ni àwọn mẹ́ta tí ó kẹ́yìn yìí pín láàárín ara wọn. Federer fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Nadal ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn olólùfẹ́ eré yìí sì ti ń sọ pé ó parí, pé ohun tí ó kù kò ní dùn mọ́. Wọ́n yára sọ ọ́.

Ní ti àwa, àmì kan ṣoṣo ni a fi ń mọ ìfigagbága tòótọ́ yàtọ̀ sí ìpàdé lásán: ẹni tí ó bá pàdánù kò ní padà wá bí ó ti wà. Yóò lọ sílé, yóò tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀, yóò sì tún un tò nítorí ẹnì kan pàtó. Àwọn tí wọ́n sáré ní ọjọ́ ìdíje ilé sí ilé ní ilé ẹ̀kọ́ wa mọ ohun tí a ń wí. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ènìyàn máa ń jí ní ìdájí sá eré nítorí rẹ̀. Ilé kan ni, ọmọ kan ni nínú ilé náà, ẹni tí ó fi ìgbésẹ̀ kan ṣáájú rẹ ní ọdún tí ó kọjá. Sólómọ́nì ti sọ èyí nínú ìwé Òwe nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa irin. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin kejì bá kúrò, kí ó wo McEnroe: nígbà tí Borg fi eré náà sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 26, McEnroe kò fi í ṣe ayọ̀. Ó ti sọ ọ́ ní ìgbà púpọ̀ láti ìgbà náà pé àdánù ni lílọ rẹ̀ jẹ́ fún òun.

New York ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ní ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 19 ni Alcaraz, Sinner sì jẹ́ ọmọ ọdún 21. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fi gbá a, aago mẹ́ta òru sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó parí. Kò sí eré kankan nínú ìdíje náà tí ó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lóru rí. Ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, àmì kan péré ni ó kù kí Sinner borí, sáàfù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí i jẹ. Alcaraz ni ó borí ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó gba ife náà, ó sì di ẹni tí ó kéré jù lọ ní ọjọ́ orí tí ó tíì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin ní àgbáyé láti ìgbà tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ipò wọn.

Láti ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ náà wá di ti àwọn méjì nìkan. Sinner gba ife Ọsirélíà àti ti Amẹ́ríkà. Alcaraz gba ti Roland Garros àti Wimbledon. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Sinner di ọkùnrin àkọ́kọ́ láti Ítálì tí ó gba ipò kìíní ní àgbáyé. Ní ọdún 2025, wọ́n tún pín ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní méjì-méjì. Ẹ wo ìṣirò kan tí ó fi bí ọ̀rọ̀ wọn ti rí hàn ju gbogbo ife lọ: nínú ọdún méjèèjì yìí, ìgbà 12 péré ni Sinner pàdánù nínú gbogbo eré tí ó gbá, èyí tí ó ju 140 lọ. Nínú ìgbà 12 náà, Alcaraz nìkan ni ó ni 7. Ẹni tí gbogbo ayé kò lè mú, ẹnì kan ń mú un.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí àwọn alátìlẹ́yìn Sinner bí tiwa kì í fẹ́ sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n bá oògùn kan tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀, tí ń jẹ́ clostebol, nínú ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní ìwọ̀n tí ó kéré jọjọ. Àlàyé tí ìgbìmọ̀ olómìnira gbà ni pé ẹni tí ń fọwọ́ ra á lára ni ó lo oògùn náà sí ojú ọgbẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì gba ibẹ̀ wọ ara Sinner. Ní oṣù Kẹjọ wọ́n ní kò jẹ̀bi. Àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni wọ́n fẹnu kò pé kí Sinner lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́ta. Àwọn eléré kan sọ pé bí ó bá jẹ́ ẹni tí kò lórúkọ ni, wọn kì bá tí ṣe é fún un bẹ́ẹ̀. A kò lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn yẹn sẹ́yìn, nítorí pé ó ń béèrè nípa ìdájọ́ tí ó dọ́gba fún olówó àti tálákà, ìbéèrè tí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa béèrè ni. Ní ti Sinner fúnra rẹ̀, a ka ohun tí ìgbìmọ̀ náà gbà sí òtítọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn eléré kan, kí ó fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń pè é ní olè ní gbangba lẹ́yìn tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó ka ìdájọ́ náà ná.

Ó padà dé ní oṣù Karùn-ún, ní Róòmù, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì dé àṣekágbá. Alcaraz ni ó bá níbẹ̀. Alcaraz borí.

Lẹ́yìn náà ni Parísì, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Sinner kò tíì pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní gbogbo ìdíje náà kí ó tó dé àṣekágbá. Ó jẹ sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó jẹ ìkejì. Alcaraz kò tíì borí rí láyé rẹ̀ nínú eré tí ẹnì kejì ti fi sẹ́ẹ̀tì méjì ṣáájú rẹ̀. Ó jẹ ìkẹta. Ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, Sinner ní géèmù 5, Alcaraz ní 3, sáàfù wà lọ́wọ́ Alcaraz, àmì sì jẹ́ 0–40. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà mẹ́ta léra wọn ni àǹfààní wà fún Sinner láti gba ife náà, ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ń fẹ́. Ní ilé ibi tí a ti ń wò ó, ẹnì kan ti dìde láti lọ gbé mínírà wá fún ayẹyẹ.

Alcaraz gba àkọ́kọ́. Ó gba ìkejì. Ó gba ìkẹta. Mínírà di ohun tí a gbàgbé sórí tábìlì. Ó jẹ géèmù náà, ó gba géèmù lórí sáàfù Sinner nígbà tí Sinner tún fẹ́ parí rẹ̀, ó sì jẹ sẹ́ẹ̀tì náà ní táìbírẹ́ẹ̀kì. Ohun tí ó wú wa lórí jù ni èyí tí ó tẹ̀ lé e: Sinner kò wó lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti lọ sílé nínú ọkàn wọn lẹ́yìn irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, nígbà tí Alcaraz ní géèmù 5 sí 4 tí ó sì ń ṣe sáàfù láti borí, Sinner já géèmù náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 6–6. Ní táìbírẹ́ẹ̀kì tí ó kẹ́yìn ni Alcaraz wá gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí nǹkan gùn, 10 sí 2. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 29 ni wọ́n lò. Kò sí àṣekágbá tí ó tíì gùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní Roland Garros. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo àmì tí wọ́n jẹ pọ̀, Sinner ní 193, Alcaraz ní 192. Ẹni tí ó jẹ àmì púpọ̀ jù ni ó pàdánù. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa fèrè.

Sinner sọ fún gbogbo ayé lórí pápá pé òun kò ní lè sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa náà kò sùn. Ìgbà karùn-ún léra wọn nìyẹn tí Alcaraz ti ń borí rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ pé ẹrù ti wọ ọkàn ọmọkùnrin náà, pé kò ní lè sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, wọ́n tún dojú kọ ara wọn ní àṣekágbá Wimbledon. Alcaraz ni ó gba ife náà ní ọdún méjì tí ó ṣáájú, kò sì tíì pàdánù àṣekágbá ìdíje ńlá kankan rí; márùn-ún ni ó ti dé, márààrún ni ó jẹ. Ó jẹ sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Sinner jẹ mẹ́ta yòókù ní 6–4, 6–4, 6–4. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ní 4–3 nínú sẹ́ẹ̀tì kẹrin, àmì di 15–40 lórí sáàfù rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wo Parísì sì di ọwọ́ mú orí. Ó gba àmì méjèèjì, ó sì parí iṣẹ́ náà. Òun ni ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tí ó gba ife Wimbledon nínú eré ẹlẹ́nìkan. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún 23 ni Sinner, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó wò.

Ibi tí a ti wá mọ̀ dájú pé ìfigagbága tòótọ́ ni èyí ni oṣù méjì tí ó tẹ̀ lé e. Ferrero sọ lẹ́yìn náà pé kí àwọn tó lọ sí New York, àwọn ya nǹkan bí ọjọ́ 15 sọ́tọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí kìkì ohun tí Alcaraz gbọ́dọ̀ yí padà kí ó tó lè borí Sinner. Kì í ṣe láti borí ìdíje náà. Láti borí ènìyàn kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, a rí èso rẹ̀: 6–2, 3–6, 6–1, 6–4, Alcaraz sì gba ipò kìíní ní àgbáyé padà lọ́wọ́ rẹ̀. Sáàfù Sinner dàrú ní ọjọ́ náà. Kò tó ìdajì nínú sáàfù àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ó bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó sọ nígbà tí ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Kò dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi, kò dá rẹfirí lẹ́bi. Ó ní eré òun ti rọrùn jù láti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun ń ṣe ohun kan náà ṣáá, pé òun yóò yí i padà, kódà bí ìyípadà náà yóò bá mú kí òun pàdánù àwọn eré kan ná. Ẹni tí ó wà ní ipò kejì ní àgbáyé ni ó ń sọ pé òun fẹ́ padà lọ kọ́ iṣẹ́.

Ó kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, ní Turin, níbi tí àwọn mẹ́jọ tí ó dára jù lọ ti máa ń parí ọdún, Alcaraz tún bá a ní àṣekágbá. Sáàfù Sinner ti yàtọ̀. Nígbà tí Alcaraz ku àmì kan kí ó jẹ sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, Sinner ṣi sáàfù àkọ́kọ́ gbá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rọra ti ìkejì wọlé kí ó má baà bọ́ síta. Ó gbá a pẹ̀lú agbára àti àìbẹ̀rù. Ó borí ní 7–6, 7–5.

Bí a ti ń kọ èyí ní òpin ọdún 2025, ìgbà 16 ni wọ́n ti pàdé, Alcaraz ti borí ní 10, Sinner ní 6. (Àwọn ìdíje àfihàn olówó gọbọi ti Saudi Arabia kò sí nínú ìṣirò yìí. Sinner ni ó borí Alcaraz ní àṣekágbá rẹ̀ ní ọdún méjì léra wọn, a ò bá sì fẹ́ kà á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́.) Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n pàdé ní ọdún 2025 nìkan, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ àṣekágbá. Alcaraz fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ó gba ife ní New York. Ó sọ fún Sinner níwájú gbogbo ènìyàn pé òun ń rí i ju àwọn ẹbí òun lọ.

Yẹ̀yẹ́ náà ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣàkíyèsí. Bí a bá ń jà, bíi ti ká kú kọ́. Ní Parísì kan náà ní ọdún 2025, nígbà tí Alcaraz ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Ben Shelton, ọmọ Amẹ́ríkà, ó sáré ju ràkẹ́ẹ̀tì sí bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà sì padà wọlé. Rẹfirí fún un ní àmì. Kò sí ẹni tí ó rí i pé ràkẹ́ẹ̀tì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kan bọ́ọ̀lù, èyí tí òfin kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ sọ, ó sì fi àmì náà fún Shelton. Àwọn alátìlẹ́yìn ni kò tíì kọ́ irú èyí. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, wọ́n ń bú ìyá ara wọn nítorí àwọn méjì tí wọ́n ń dì mọ́ ara wọn lórí àwọ̀n, a sì ti rí irú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì di ràkẹ́ẹ̀tì mú rí láyé wọn. Òbí tí ó bá gbọ́ ọ nínú ilé rẹ̀, kí ó pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Ohun tí ó kù láti rí kò kéré. Ní òpin ọdún 2025, Alcaraz ní ife ńlá 6, Sinner ní 4. Sinner kò tíì rí ti Roland Garros gbà nígbà náà, ó sì ti mọ bí ó ṣe rí láti fi àmì kan pàdánù rẹ̀. Alcaraz kò tíì rí ti Ọsirélíà gbà nígbà náà. Títí di òpin ọdún 2025, kò tilẹ̀ tíì kọjá ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ rí, nígbà tí Sinner ti gba ife náà lọ́dún méjì léra wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 sì ni ìròyìn jáde pé Alcaraz àti Ferrero ti pínyà, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó jókòó tì í fún ọjọ́ 15 wọ̀nyẹn nítorí Sinner kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá mọ́. Àwọn tiwa kan ti ń yọ̀ sí i. Àwa kò yọ̀, nítorí a kò tíì gbàgbé mínírà yẹn.

Oṣù Kìíní ni ìdíje Ọsirélíà, ní Melbourne. Nítorí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín aago wọn àti tiwa, àṣekágbá rẹ̀ máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ní Nàìjíríà, nígbà tí ìsìn bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí ẹ tó wọ ilé ìjọsìn. Bí ìyá ìjọ bá sì rí bàbá kan tí ó ń jáde léraléra bí ẹni tí inú ń run, kí wọ́n fi orí jì í.